Àyẹ̀wò ọdún: àwọn ọmọ tó wá bi mí pé, "Mà, kí ni kí n kà?"

Oṣù Kejìlá kọ̀ọ̀kan ni mo máa ń kọ ohun tí mo fi ọdún ṣe sílẹ̀. Kẹ́mísírì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ SS1 títí dé SS3 ní Òṣogbo, iṣẹ́ yẹn sì lọ bó ṣe máa ń lọ: a ka sílábọ́ọ̀sì, wọ́n ṣe WAEC, wọ́n ṣe NECO. Ohun tó gba ọkàn mi jù lọ́dún yìí ni àwọn ọmọ tó ń wá bá mi lẹ́yìn kíláàsì, ní ṣọ́ọ̀ṣì, lójúde ilé wa, tàbí tí ìyá wọn fà lọ́wọ́ wá, láti béèrè pé kí ni káwọn lọ kà. Tí fọ́ọ̀mù JAMB bá jáde, wọ́n á dé. Tí èsì rẹ̀ bá jáde, wọ́n á tún dé. Tí èsì WAEC bá wá jáde ní oṣù Kẹjọ, àwọn tí kò wá tẹ́lẹ̀ náà á wá.

Ìbéèrè wọn kì í gùn: "Mà, kí ni kí n kà?" Ṣùgbọ́n tí ẹ bá fara balẹ̀ gbọ́ wọn, ìdáhùn méjì péré ni wọ́n gbé wá láti ilé, dókítà tàbí ẹnjiníà. Ọmọ tó fẹ́ràn báyọ́lọ́jì, dókítà. Ọmọ tó mọ ìṣirò, ẹnjiníà. Mi ò bá wọn wí. Iṣẹ́ tí ọmọ kò rí rí kò lè wù ú. Dókítà wà nínú fíìmù, ó wà nínú ìwé tí wọ́n kà ní Primary 2, ó wà lẹ́nu gbogbo àbúrò bàbá tó bá wá kí wọn nílé. Ta ló sọ fún wọn nípa ẹni tó ń yẹ omi ẹ̀rọ wò kí ìlú tó mu ún? Ta ló sọ nípa ẹni tó ń tún ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ aláìsàn kíndìnrín ṣe?

Ọmọkùnrin kan ti ṣe JAMB lẹ́ẹ̀mejì nítorí Medicine. Máàkì rẹ̀ kò burú, àmọ́ kò tó èyí tí fásitì tó fẹ́ fi ń mú èèyàn sí kọ́ọ̀sì yẹn. Bàbá rẹ̀ ní dandan ni kó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kẹta. Mo bi ọmọ náà pé kí ló dé tó fi fẹ́ di dókítà. Ó ní nígbà tí ìyá bàbá òun dùbúlẹ̀ ní ọsibítù, wọ́n fún wọn ní oògùn títí, ara kò yá, àfìgbà tí ẹnì kan gba ẹ̀jẹ̀ wọn lọ, tó sì padà wá pẹ̀lú ìwé tó sọ ohun tó ń ṣe wọ́n gan-an. Ó ní irú ẹni yẹn ni òun fẹ́ jẹ́. Mo ní, "Ọmọ mi, kì í ṣe dókítà lò ń sọ yẹn. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní láàbù ni. Medical Laboratory Science lorúkọ kọ́ọ̀sì wọn, ọdún márùn-ún ni wọ́n fi ń kà á, wọ́n sì ní ìgbìmọ̀ tó ń fún wọn ní láísẹ́ńsì." Kò gbọ́ ọ rí láyé rẹ̀.

Mo mú un lọ sọ́dọ̀ ọ̀kan nínú àwọn tí mo ti kọ́ rí, tó ń ṣiṣẹ́ ní láàbù kan nílùú wa. Ó fi ẹ̀jẹ̀ sórí gíláàsì méjì fún un, ó jẹ́ kí ọ̀kan ki, ó tẹ́ èkejì kó fẹ́lẹ́. Ó ṣàlàyé pé èyí tó ki ni wọ́n fi ń mọ̀ bóyá kòkòrò ibà wà níbẹ̀ rárá, nítorí ẹ̀jẹ̀ pọ̀ lójú kan. Èyí tó fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi ń mọ irú kòkòrò tó jẹ́. Wọ́n da aró Giemsa sí i, wọ́n dúró, wọ́n fi omi ṣàn án. Ó pẹ́ tí ọmọ náà ti tẹjú mọ́ maikirosíkópù kó tó rí nǹkan kan. Nígbà tó wá rí i, òrùka tín-ín-rín nínú sẹ́ẹ̀lì pupa, ó pariwo. Plasmodium falciparum ni, èyí tó léwu jù nínú gbogbo wọn. Láti ọjọ́ yẹn, ọ̀rọ̀ mìíràn kò sí lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Bàbá rẹ̀ kò kọ́kọ́ gbà. Mo lọ bá wọn nílé, a sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, kò sì dùn mọ́ wọn nínú lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ìgbà tí ọmọ fúnra rẹ̀ ṣàlàyé gíláàsì méjèèjì fún wọn ni ojú wọn yí padà. Ó ti wọlé sí fásitì báyìí.

Mi ò sọ pé kí ọmọ má ka Medicine o. Ẹni tí iṣẹ́ náà wà lọ́kàn rẹ̀, tó mọ̀ pé ọdún mẹ́fà ni, pẹ̀lú housemanship, ìyẹn iṣẹ́ ní ọsibítù lábẹ́ àwọn dókítà àgbà, ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀, kó lọ, màá sì bá a kà á. Bàbá mìíràn fi Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúyínká Olútóyè dá mi lóhùn, ẹni tó ka Medicine ní Ifẹ̀, tó jáde ní 1988, tó sì wà lára àwọn tó ṣe iṣẹ́ abẹ fún aboyún kan ní Houston, ní Amẹ́ríkà, ní 2016: wọ́n gé kókó kúrò lára ọmọ inú rẹ̀, wọ́n dá ọmọ padà sínú ilé ọmọ, ó sì wà níbẹ̀ títí wọ́n fi bí i. Òótọ́ ni, orí mi sì máa ń wú tí mo bá sọ ọ́ ní kíláàsì. Ṣùgbọ́n mo bẹ bàbá náà pé kí wọ́n wo àwọn yòókù tó wà nínú yàrá yẹn. Ẹnì kan fi ẹ̀rọ wo inú aboyún kí wọ́n tó mọ̀ pé kókó wà níbẹ̀. Ẹnì kan mú un sùn, ó sì ń ṣọ́ ẹ̀mí méjèèjì. Àwọn nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, àwọn tó ń ṣètò ẹ̀jẹ̀ wà nítòsí. Ọmọ wọn lè wà nínú irú yàrá bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé òun ló mú ọ̀bẹ lọ́wọ́.

Ohun tó ń dùn mí ni pé a mọ Houston ju Ẹdẹ lọ. Ẹdẹ kò jìnnà sí wa, ọkọ̀ kan ṣoṣo ni. Ní Yunifásítì Redeemer's tó wà níbẹ̀, ilé ìwádìí kan wà tí wọ́n ń pè ní ACEGID nígbà náà, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Christian Happi ń darí. Nígbà tí kòrónà wọ Nàìjíríà ní ìparí oṣù Kejì 2020 lára ará Ítálì kan, ibẹ̀ ni wọ́n ti ka àbùdá kòkòrò náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láàárín ọjọ́ mélòó kan, wọn kò sì tíì ṣe irú rẹ̀ rí níbikíbi nílẹ̀ Áfíríkà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Happi fúnra wọn, Kamẹrúùnù ni wọ́n ti bí wọn, Ìbàdàn ni wọ́n ti gba oyè ọ̀mọ̀wé. Mo bi kíláàsì SS3 mi pé ta ló mọ̀. Ọwọ́ kan kò sókè. Bẹ́ẹ̀ náà ni IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn ní Ìbàdàn, tó ti wà láti 1967, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀gẹ́, iṣu àti àgbàdo. Ọmọ tí fásitì fún ní Crop Production dípò ohun tó fẹ́ á sunkún bí ẹni tí wọ́n lé nílé, kò sì sí ẹni tó sọ fún un pé ẹni tó mọ bí ẹ̀gẹ́ ṣe lè borí àrùn ń bọ́ orílẹ̀-èdè.

Ọ̀rọ̀ JAMB, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́. Sọ́bújẹ́ẹ̀tì mẹ́rin ni wọ́n ń yàn, Gẹ̀ẹ́sì sì wà nínú rẹ̀ ní dandan. Ọmọbìnrin kan fẹ́ ka Nursing, ẹni tó bá a kọ fọ́ọ̀mù ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà yan ìṣirò fún un dípò físíìsì. Báyọ́lọ́jì, kẹ́mísírì àti físíìsì ni Nursing ń fẹ́. A tètè rí i, a sì tún un ṣe. Ẹ̀yin òbí, ẹ má fi ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ fún ẹni tó ń tẹ fọ́ọ̀mù. Ohun tí kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan ń béèrè wà lórí IBASS, ìkànnì tí JAMB ṣe, orí fóònù lásán lẹ lè ti wò ó.

Ọmọbìnrin mìíràn wà tó máa ń tú jẹnẹrétọ̀ bàbá rẹ̀ palẹ̀, á fọ kábúrétọ̀, á tò ó padà, á sì ṣiṣẹ́. Gbogbo ojúlé àdúgbò wọn ló ń ránṣẹ́ sí i. Ìyá rẹ̀ wá bẹ̀ mí pé kí n bá wọn sọ fún un pé iṣẹ́ ọkùnrin ni. Ẹ̀rù tó ń bà wọ́n kì í ṣe ẹ̀rù asán: wọ́n ní ta ló máa ṣọ́ ọmọ àwọn ní wọ́kíṣọ́ọ̀bù tó jẹ́ kìkì ọkùnrin? Mo sọ ìtàn Ọ̀jọ̀gbọ́n Grace Alele-Williams fún wọn, tó gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ẹ̀kọ́ ìṣirò ní Chicago ní 1963, tí obìnrin Nàìjíríà kankan kò tíì gba irú oyè bẹ́ẹ̀ ṣáájú rẹ̀, tó sì di ọ̀gá àgbà Yunifásítì Benin ní 1985. Ìtàn náà dùn mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ohun tó tù wọ́n lára ni obìnrin kan tó jẹ́ ẹnjiníà mọ̀nàmọ́ná, tí mo bẹ̀ kó yà kí wọn ní ṣọ́ọ̀bù. Ó jókòó tì wọ́n, ó sọ bí òun ṣe ń ṣe é, ibi tí òun kì í lọ, àti ẹni tí òun máa ń bá lọ. Ìyá nílò láti bi obìnrin bíi tiẹ̀ ní ìbéèrè yẹn, èmi kò lè dáhùn rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Mo ní kí ọmọ náà gba fọ́ọ̀mù poli mọ́ ti fásitì. Ọdún méjì ni ND, ọdún kan lẹ́nu iṣẹ́ níta, ọdún méjì HND. Ẹni tí ND rẹ̀ bá dáa sì lè gba Direct Entry wọ ọdún kejì ní fásitì. Bí a ṣe ń fojú tẹ́ńbẹ́lú poli nílẹ̀ yìí burú, mi ò ní yéé sọ ọ́. Ọmọ tó ń fi ọwọ́ ronú ni poli wà fún, irú wọn la sì ń wá kiri nígbà tí ẹ̀rọ bá bàjẹ́.

Owó ni òkúta tó wà lójú ọ̀nà fún ọ̀pọ̀ nínú wọn. Mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń gba NELFUND, owó ẹ̀yáwó fún akẹ́kọ̀ọ́ tí ìjọba dá sílẹ̀ lábẹ́ òfin 2024. Kò ní èlé, iléèwé ni wọ́n ń san owó iléèwé fún tààrà, wọ́n sì ń fún ọmọ ní ₦20,000 lóṣù fún oúnjẹ. Ìgbà tó bá pé ọdún méjì tó sin ìjọba tán ni wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á padà. Iléèwé ìjọba nìkan ló wà fún. Ọ̀rọ̀ gbèsè ń ba àwọn òbí lẹ́rù, mo sì mọ ìdí rẹ̀. Mo máa ń jókòó tì wọ́n ka gbogbo rẹ̀ sétí wọn ní Yorùbá kí wọ́n tó pinnu.

Láàbù wa kò kún. Burette àti pipette tí a fi ń wọn omi kò kárí. Ọmọ á há titration sórí láti inú ìwé, ìyẹn kíkán omi kan díẹ̀díẹ̀ sínú òmíràn títí àwọ̀ rẹ̀ á fi yí padà, kí a lè mọ iye tó gbà; ọwọ́ rẹ̀ kò ní kan pipette àfìgbà tí WAEC bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Nítorí náà, ní àwọn Sátidé kan, a rẹ òdòdó zobo sínú omi gbígbóná, a sẹ́ ẹ, a pín in sínú ìgò. A fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí ọ̀kan, ó pupa fòò. A da omi eérú sí èkejì, ó di àwọ̀ ewé. Ọmọbìnrin kan bi mí pé tí òun bá ń kán omi ọsàn sínú èyí tó ti di ewé yẹn, ṣé yóò padà pupa? Mo ní kó kán an wò. Ó ń ka ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan sókè, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yí i ká, nígbà tó sì yí padà, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun tún un ṣe, kí òun mọ̀ bóyá iye kan náà ni yóò jẹ́. Ẹ wò ó, titration ló ti ń ṣe yẹn! Ọmọ yìí kan náà ló ti sọ fún mi ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún pé sáyẹ́ǹsì kò sí fún òun, pé òun fẹ́ yí padà sí Art.

Yorùbá ni a fi sọ gbogbo ohun tí a rí kí a tó kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì tí WAEC ń fẹ́. Ìlànà àgbà ni. Láti 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Ifẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì wà níbẹ̀, àwọn ọmọ náà sì ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ. Mo gbà pé ìmọ̀ràn iṣẹ́ kò wúlò fún ọmọ tí ẹ̀kọ́ náà kò tíì yé ní èdè tó fi ń ronú. Nísinsìnyí, tí ọmọ bá bi mí pé kí ni kí òun kà, mi ò ní dárúkọ kọ́ọ̀sì kankan. Màá kọ́kọ́ béèrè ohun tí ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe rí, àti ẹni tí ó ti wò níbi tó ti ń ṣiṣẹ́. Tí kò bá sí, a ó wá ẹnì kan tó lè lọ wò.

Ọ̀kan wà tí mi ò tíì rí ọ̀nà rẹ̀ tán, tó sì wà lọ́kàn mi lójoojúmọ́. Òun ló mọ físíìsì jù nínú ẹgbẹ́ rẹ̀. Bàbá rẹ̀ kú nígbà tó wà ní SS3, Gẹ̀ẹ́sì já a kulẹ̀ nínú WAEC, ó sì lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tó ń so sólà. Ó pàdé mi lọ́nà ní oṣù Kọkànlá. Ó ní bátìrì mẹ́rin oní-12 fóòtì ni àwọn ń so pọ̀ kó lè jẹ́ 48, ó wá bi mí pé kí ló dé tí ọ̀kan tó bá ti gbó nínú wọn fi máa ń fa àwọn mẹ́ta yòókù sẹ́yìn. Ojú títì la dúró sí tí mo fi yàwòrán rẹ̀ sẹ́yìn ìwé ìdáwó ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ti forúkọ sílẹ̀ fún GCE báyìí. Ọ̀gá rẹ̀ ṣèèyàn, ó yọ̀ǹda ìrọ̀lẹ́ fún un, tíṣà Gẹ̀ẹ́sì kan níléèwé wa sì ń bá a kàwé láìgba kọ́bọ̀. Tó bá bọ́ sí i, fọ́ọ̀mù poli ló kàn.

Ní oṣù Kìíní, mo fẹ́ máa mú àwọn ọmọ SS2 lọ wo àwọn èèyàn lẹ́nu iṣẹ́ kí wọ́n tó wọ SS3, kí fọ́ọ̀mù JAMB tó ká wọn mọ́. Mo ti rí ẹni tó wà ní láàbù ọsibítù, mo ti rí ẹnjiníà mọ̀nàmọ́ná, ọ̀gá onísólà yẹn náà sì ti ní ká wá. Mi ò tíì rí ẹni tó ń yẹ ilẹ̀ wò fún àgbẹ̀, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lórí omi ẹ̀rọ, ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ọsibítù ṣe, apòògùn tó wà ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe oògùn, tàbí ẹni tó ń wọn ilẹ̀. Tí ẹ bá ń ṣe ọ̀kan nínú iṣẹ́ wọ̀nyí ní Òṣogbo, Ẹdẹ, Ìkìrun tàbí Iléṣà, tàbí tí ẹ mọ ẹni tó ń ṣe é, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kàn sí mi. Ọ̀sán ọjọ́ kan ṣoṣo ni mò ń tọrọ, owó ọkọ̀ àwọn ọmọ wà lọ́wọ́ mi.