Ẹ bá ọmọ yín sọ ọ̀rọ̀ Kọmúníọ́nù kí Mísà àkọ́kọ́ tó dé

Ẹ̀yin òbí tí ẹ kì í ṣe ọmọ ìjọ Àgùdà, tí ẹ sì fẹ́ fi ọmọ yín sí ilé-ìwé wọn, ẹ gbọ́ tèmi ná. Ọ̀rọ̀ yìí ṣì ń dùn mí bí mo ṣe ń kọ ọ́. Mi ò bá ilé-ìwé náà jà o. Wọ́n mọ ìwé kọ́, wọ́n sì mọ ọmọ tọ́, ìdí nìyẹn tí èmi àti bàbá ọmọ mi fi yàn wọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ bi mí pé kí ni mo ń wá lọ́dọ̀ Àgùdà nígbà tí mo ní ìjọ tèmi, ẹ̀kọ́ ni mo ń wá, mo sì rí i.

Láti ọdún 1910 tí Póòpù Pius Kẹwàá ti ní kí ọmọdé máa gba Kọmúníọ́nù (àkàrà mímọ́ tí wọ́n ń pín nínú Mísà, ìsìn wọn) bó bá ti mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì, ìyẹn ní bí ọmọ ọdún méje, ọ̀pọ̀ kíláàsì irú ọjọ́ orí bẹ́ẹ̀ ló ń múra sílẹ̀ fún un. Kò sẹ́ni tó sọ ìyẹn fún wa. Ọmọ mi kọ́ ọ délé. Á dúró ní pálọ̀, á gbé àtẹ́lẹwọ́ òsì lé ọ̀tún, á tẹ orí ba, á ní "Àmín." Inú ẹ̀ dùn débi pé ó ń kọ́ àbúrò ẹ̀.

Nígbà tí Mísà ilé-ìwé dé, wọ́n pe àwa òbí. Ó kan Kọmúníọ́nù, kíláàsì wọn dìde, wọ́n tò lọ síwájú, ọmọ mi wà láàárín wọn. Ó ku ẹni méjì kó kàn án ni tíṣà sáré wá, ó fà á lápá aṣọ jáde, ó ní, "Ìwọ kọ́. Lọ jókòó." Kò pariwo mọ́ ọn, ṣùgbọ́n àwọn tó wà lẹ́yìn ẹ̀ gbọ́, ọ̀kan sì rẹ́rìn-ín. Ọmọ mi padà sórí bẹ́ǹṣì, àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ṣì wà lórí ara wọn bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Òun nìkan ló jókòó síbẹ̀. Kò sunkún, ọwọ́ ẹ̀ ló ń wò. Èmi wà lẹ́yìn pátápátá, mi ò lè dìde lọ bá a, Mísà ń lọ lọ́wọ́. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ló bi mí pé, "Mọ́mì, ṣé Jésù tiwa yàtọ̀ ni?"

Ẹ̀yin abiyamọ, ẹ mọ bí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ṣe ń rí lára.

Mo lọ rí Fadá, wọ́n sì bẹ̀ mí. Wọ́n ní òfin ìjọ wọn ti ọdún 1983 ló sọ pé ọmọ ìjọ ni wọ́n ń fún, àyàfi nínú ọ̀ràn díẹ̀ tó lágbára. Lọ́dọ̀ wọn, ara Jésù gan-an ni, ẹni tó bá sì gbà á ń jẹ́rìí pé òun wà nínú ìjọ wọn délẹ̀délẹ̀. Wọ́n ní kì í ṣe pé àwọn ò kà wá kún Kristẹni, àwọn tilẹ̀ gba ìrìbọmi wa bí wọ́n bá fi omi ṣe é lórúkọ Baba, Ọmọ àti Ẹ̀mí Mímọ́. Ó yé mi. Mo ṣàlàyé fún ọmọ, ara ẹ̀ sì ti balẹ̀. Ní báyìí, á ká apá méjèèjì lé àyà, Fadá á súre fún un. Kì í ṣe gbogbo ibi ni wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, torí náà ẹ bèèrè.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ jù ni pé ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ ọ́ fún ọmọ, kó gbọ́ ọ lẹ́nu yín nílé kó tó gbọ́ ọ níwájú ẹgbẹ́ ẹ̀. Kó mọ̀ pé wọn ò ní fún òun, kó mọ ìdí ẹ̀, kó sì mọ̀ pé kò jẹ̀bi ohunkóhun. Ẹ tún un sọ bí Mísà bá ti ń sún mọ́lé, torí ọmọdé ń gbàgbé.

Ọ̀rọ̀ Ròsárì, àdúrà tí wọ́n ń fi ìlẹ̀kẹ̀ kà, náà wà níbẹ̀. Lóṣù Karùn-ún àti oṣù Kẹwàá ni wọ́n máa ń gbà á jù, ọmọ yín á sì mọ "Mo kí ọ Màríà" lórí. Ẹ pinnu nílé bóyá á máa bá wọn gbà á tàbí á dákẹ́. Ti eérú iwájú orí ní Ọjọ́rú Eléérú tí ààwẹ̀ Lẹ́ńtì ń bẹ̀rẹ̀, ẹni tí kì í ṣe Àgùdà náà lè gbà á. Bí ẹ ò bá sì fẹ́ kí ọmọ yín jókòó síbi ẹ̀kọ́ tó lòdì sí ìgbàgbọ́ yín, ẹ má bẹ̀rù àtisọ ọ́. Ìwé tí Ìpàdé Vatican Kejì, ìpàdé ńlá àwọn bíṣọ́ọ̀bù wọn, gbé jáde lórí òmìnira ẹ̀sìn lọ́dún 1965 sọ ọ́ kedere pé ẹ̀tọ́ òbí nìyẹn. Ẹ̀yin òbí Mùsùlùmí náà, ó kàn yín.

Ẹ má sì gbára lé fọ́ọ̀mù. Ẹ lọ bá tíṣà tí yóò to àwọn ọmọ gan-an, kí ẹ fẹnu sọ fún un. Mo kọ ìjọ wa sínú fọ́ọ̀mù tèmi gàdàgbà, ọ́fíìsì ló wà. Orí ìlà Kọmúníọ́nù ni tíṣà ti ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí.