Síìtì kan, dírẹ́bà mẹ́ta: bá a ṣe ń ṣe é kó lè gba ẹni gíga àti ẹni kúkúrú

Tó bá ju ẹni kan lọ tó máa wa mọ́tò réèsì kan náà, ẹni tó ga jù ni kẹ́ ẹ fi wọn síìtì, kẹ́ ẹ dè é pa síbẹ̀, kẹ́ ẹ wá wá ọgbọ́n tẹ́ ẹ máa fi gbé àwọn kúkúrú wá bá sítíárìn àti pẹ́dà. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ nìyẹn, ìyókù àlàyé ni, àmọ́ inú àlàyé yẹn gan-an niṣẹ́ wà o.

Àwa mẹ́ta la jọ ń wa Honda Civic àtijọ́ kan níbí ní England, nínú àwọn eré ìje tí kò gba owó rẹpẹtẹ, èyí tó máa ń gba wákàtí bíi mélòó kan tẹ́ ẹ sì gbọ́dọ̀ pààrọ̀ dírẹ́bà láàárín ẹ̀, Snetterton, Brands Hatch, irú ibẹ̀ yẹn. Ẹ̀gbọ́n mi ga tó 1.93 mítà. Ìyàwó wa, ìyàwó ẹ̀ ni mò ń sọ, 1.58 ni, ó sì yára ju àwa méjèèjì lọ, ẹ má jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ pé mo sọ bẹ́ẹ̀. Èmi wà láàárín wọn, mo kàn ń tún mọ́tò ṣe tí mo sì ń wà á nígbà tó bá kàn mí.

Ohun àkọ́kọ́ táwọn èèyàn máa ń sọ ni pé ṣebí kẹ́ ẹ kàn fi réèlì sábẹ́ síìtì, kẹ́ ẹ máa fà á síwájú sẹ́yìn bíi ti mọ́tò ilé. Ó ṣeé ṣe, àwọn kan ń ṣe é, àmọ́ èmi ò fẹ́ràn ẹ̀. Réèlì máa gbé síìtì sókè díẹ̀, díẹ̀ yẹn gan-an ni ẹni gíga ò sì ní láti fi tọrẹ. Réèlì tí kò dáa tún máa ń mì, tẹ́ ẹ bá ń mú kọ́nà ẹ máa mọ̀ ọ́n lára pé síìtì ń rìn lábẹ́ yín. Èyí tó wá burú jù ni bẹ́líìtì: síìtì lẹ fà síwájú o, ibi tẹ́ ẹ de bẹ́líìtì mọ́ ò kúrò lójú kan, ìyẹn ni pé bí ó ṣe gba orí itan àti èjìká yín ti yí padà nìyẹn.

Ó ṣeé ṣe ká gbé ẹni kúkúrú sókè ká sì sún un síwájú, àmọ́ kò sí bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ gé orí ẹni gíga kúrò. Nítorí náà ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́kọ́ máa ń jókòó, ó máa wọ bàtà réèsì, ó máa dé hẹ́límẹ́ẹ̀tì, a máa fa bẹ́líìtì ẹ̀ dáadáa, mo máa wá ki ọwọ́ bọ àárín hẹ́límẹ́ẹ̀tì ẹ̀ àti irin kéèjì tó wà lókè (kéèjì ni àgò irin tí wọ́n kọ́ sínú mọ́tò kó má bàa tẹ̀ mọ́ dírẹ́bà lórí). Tí ìka mẹ́ta mi ò bá ti lè kọjá níbẹ̀, síìtì gbọ́dọ̀ tún lọ sílẹ̀ sí i. Ihò tó wà lára irin ẹ̀gbẹ́ síìtì kì í ṣe ẹyọ kan, tẹ́ ẹ bá sọ ẹ̀yìn kalẹ̀ ní ihò kan tẹ́ ẹ fi iwájú sílẹ̀, síìtì máa fẹ̀yìn tì díẹ̀, orí á sì lọ sílẹ̀, àmọ́ èjìká máa jìnnà sí sítíárìn. Ẹ máa wò ó báyìí: kó tẹ kílọ́ọ̀ṣì dé ìsàlẹ̀ pátápátá, orúnkún ẹ̀ ṣì gbọ́dọ̀ tẹ̀ díẹ̀. Kó na ọwọ́ sórí sítíárìn láì gbé èjìká kúrò lára síìtì, ọrùn ọwọ́ ló yẹ kó bọ́ sókè sítíárìn, kì í ṣe ìka.

Ẹ ò gbọdọ̀ fi irin gbẹ̀fẹ́ de síìtì yẹn mọ́lẹ̀ o. Òfin FIA, àjọ tó ń darí eré ìje mọ́tò lágbàáyé, sọ pé ó kéré tán ibi mẹ́rin lẹ máa ti dè é, bóòtù M8 ló kéré jù, irin tó gbé e ò gbọdọ̀ fẹ́lẹ́ ju 3 mílímítà lọ, tó bá jẹ́ alumíníọ̀mù, 5.

Ó wá kan ìyàwó wa. Èrò tó máa ń wá síni lọ́kàn ni kẹ́ ẹ ki ìrọ̀rí sẹ́yìn ẹ̀. Rárá o! Nǹkan rírọ̀ máa súnkì tí mọ́tò bá gbá nǹkan, tó bá ti súnkì, bẹ́líìtì tẹ́ ẹ fà le nìyẹn ti dẹ̀, ara á sì kọ́kọ́ fò síwájú kí bẹ́líìtì tó mú un. Fóòmù tó le ló yẹ, èyí tẹ́ ẹ dà sí ara ẹni náà fúnra ẹ̀.

Oríṣi olómi méjì ni, ẹ máa pò wọ́n pọ̀, ó sì máa ń wú kíákíá bí àkàrà tó bọ́ sínú epo gbígbóná, nítorí náà ẹ má pò ó tán kẹ́ ẹ tó máa wá ibi tẹ́ ẹ máa dà á sí. A kọ́kọ́ máa fi téèpù dí gbogbo ihò bẹ́líìtì lára síìtì, a tẹ́ ọ̀rá ńlá tí wọ́n ń kó ìdọ̀tí sí ní ìlọ́po méjì síbẹ̀, ìyàwó wa á wọ aṣọ réèsì ẹ̀, á jókòó, á gbé ẹsẹ̀ lé pẹ́dà, ọwọ́ lórí sítíárìn, a sì de bẹ́líìtì mọ́ ọn. Ibi tó yẹ kí ara ẹ̀ wà nígbà tó bá ń wakọ̀ ló gbọ́dọ̀ wà, torí bó bá ṣe jókòó náà ni fóòmù máa ṣe gan. Ìbàdí ni mo máa ń kọ́kọ́ dà, díẹ̀díẹ̀, tó bá ti le a tún po òmíràn fún ẹ̀yìn. Tẹ́ ẹ bá da gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó máa ti èèyàn kúrò lórí síìtì. Ó máa ń gbóná o, ẹ sọ fún ẹni náà ṣáájú. “Akọ̀wé, ẹ̀yìn mi ń jóná!” ni ìyàwó wa fi bọnu (Akọ̀wé ló ń pè mí, ẹ mọ bí ìyàwó ilé ṣe ń ṣe), mo ní kò jóná, ẹ má mì, ó ní ṣé ẹ̀yin lẹ jókòó síbẹ̀ ni. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn gáréèjì sílẹ̀, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ bo imú, afẹ́fẹ́ ẹ̀ ò dáa lára. Tó bá le tán, ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń gé búrẹ́dì ló ń gé e dáadáa jù. Ẹ gé ojú ọ̀nà fún bẹ́líìtì, ẹ fi téèpù dídì we gbogbo ẹ̀, kẹ́ ẹ wá fi aṣọ tí iná kì í tètè ràn bò ó.

Àmọ́ fóòmù ò lè ṣe gbogbo iṣẹ́ o. FIA ní ohun tẹ́ ẹ bá fi sáàárín ara àti síìtì ò gbọdọ̀ nípọn ju 5 sẹ̀ǹtímítà lọ, ó sì mọ́gbọ́n dání, torí tẹ́ ẹ bá ti èèyàn síwájú jù, orí àti èjìká ẹ̀ ti kúrò láàárín ìyẹ́ síìtì tó yẹ kó mú un nìyẹn. Ìyàtọ̀ ẹ̀gbọ́n mi àti ìyàwó ẹ̀ sì jẹ́ 35. Ìyókù, sítíárìn àti pẹ́dà ló máa ṣe é. A fi irin kan sáàárín sítíárìn àti ọ̀pá ẹ̀ kó lè sún mọ́ni, èyí tó tún ran ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́ torí pé ó fẹ̀yìn tì. Ní ti pẹ́dà, irin tí wọ́n ń fi bóòtù dè mọ́ ojú kílọ́ọ̀ṣì àti búrékì wà, àmọ́ ó ń dí ẹsẹ̀ ẹni gíga lọ́wọ́, nítorí náà èyí tó tín-ín-rín la lò, a sì ṣe pákó kékeré kan tí gìgísẹ̀ ìyàwó wa máa dúró lé, tó ń há pinpin mọ́lẹ̀ tí kò sì lè yọ́ bọ́ sábẹ́ búrékì. Ẹ wo pákó yẹn lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀mí wà níbẹ̀. Àwọn tó lówó ti yanjú ọ̀rọ̀ yìí ṣá, LaFerrari tí wọ́n gbé jáde ní 2013, síìtì ẹ̀ ò ṣeé sún, pẹ́dà àti sítíárìn ló ń wá bá ẹ. Kódà Formula 1 gan-an ò bọ́ nínú ẹ̀: nígbà tí George Russell gba mọ́tò Lewis Hamilton wà ní Sakhir ní 2020, àyè ẹsẹ̀ há débi tó fi bàtà tó kéré ní nọ́ńbà kan sí tiẹ̀ wakọ̀.

Bẹ́líìtì ni kẹ́ ẹ fara balẹ̀ sí jù. Ti ìbàdí lẹ máa kọ́kọ́ fà, orí eegun ìbàdí ló gbọ́dọ̀ wà, tó bá gun orí ikùn, ìsàlẹ̀ fóòmù ti ga jù, ẹ lọ dín in kù. Lẹ́yìn náà ti àárín ẹsẹ̀, ti èjìká ló kẹ́yìn. Bẹ́líìtì èjìká gbọ́dọ̀ lọ sẹ́yìn gbọọrọ tàbí kó dà sílẹ̀ díẹ̀, tó bá dà sílẹ̀ jù, eegun ẹ̀yìn ló máa gba gbogbo ìjàǹbá. Ẹni kúkúrú lẹ máa fi wo ìyẹn pẹ̀lú, kì í ṣe ẹni gíga nìkan, torí ihò síìtì kan náà lẹ jọ ń lò. Kó tó di pé ẹ gbé e lọ síwájú scrutineer, ẹni tó ń yẹ mọ́tò wò kó tó wọ eré, ẹ jẹ́ kí ẹni tó kúrú jù jókòó, ẹ de bẹ́líìtì ẹ̀ pinpin, kẹ́ ẹ ní kó pa suwíìṣì iná mọ́tò, kó sì fa ohun ìpaná. Tọ́wọ́ ẹ̀ ò bá tó o, ẹ sún suwíìṣì.

Tó bá dọjọ́ eré, ẹni tó ń bọ́ sílẹ̀ ló máa tú bẹ́líìtì dẹ̀ dé ìparí kó tó jáde, torí ẹni tó ń wọlé kì í rójú ṣe bẹ́ẹ̀. A ran okùn kan mọ́ òkè fóòmù ìyàwó wa, òun fúnra ẹ̀ ló ń fà á jáde bó ṣe ń bọ́ sílẹ̀. Èmi á ti bẹ̀rẹ̀ sínú mọ́tò láti ẹ̀gbẹ́ kejì, mo ń bá ẹni tó wọlé fa èjìká, mo ń yí dígí, torí dígí tí ẹ̀gbọ́n mi lò, òrùlé mọ́tò nìkan ni ìyàwó ẹ̀ ń rí níbẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra síìtì àlòkù, ẹ wo bébà ẹ̀yìn ẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó. Èyí tí wọ́n kọ nọ́ńbà ìlànà FIA 8855-1999 sí, ọdún 5 lẹ lè fi lò ó látìgbà tí wọ́n ti ṣe é, 8862-2009 jẹ́ 10. Kẹ́ ẹ sì jẹ́ kẹ́ni tó sanra jù nínú yín kọ́kọ́ jókòó sínú ẹ̀, torí ìbú ni fóòmù ò lè tún ṣe.