Ọ̀gá ìmọ́tótó ilé wa

Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún 4 péré, ti di ọ̀gá ìmọ́tótó ilé wa ní Kubwa, l'Abuja. Láàárọ̀ yìí, máírúwà, ẹni tó ń ta omi fún wa, da omi sí dúrọ́ọ̀mù wa tán, mo ní kó mú màsà (àkàrà ìrẹsì) díẹ̀. Kó tó nawọ́, ọmọ ti gbé búútà dé: "Baba, sabulu!" Ọṣẹ ló ń pè bẹ́ẹ̀ lédè Hausa. Máírúwà wò mí, ó bú sẹ́rìn-ín, ó tẹ́wọ́. Ni ọmọ bá ń ka 1 dé 20 fún un, ó sì fo 13 bó ṣe máa ń fò ó. Bí ìṣẹ́jú àáyá 20 náà ló yẹ kéèyàn fi fi ọṣẹ fọwọ́.

Ariwo kọ́ ló kọ́ ọ o. A kàn gbé ọṣẹ síbi tọ́wọ́ rẹ̀ tó, a sì ń fọ tiwa lójú ẹ̀. Ní báyìí, ó ń ṣọ́ bàbá rẹ̀ nídìí oúnjẹ bí ọlọ́pàá.

Eyín fífọ̀ lálẹ́ ló kù. Nínú ọyẹ́ yìí, ó ní eyín òun ti sùn! Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́ ni mo fi ń bẹ̀ ẹ́, ọṣẹ ìfọyín ò sì ju hóró ẹ̀wà kan lọ, torí ó ṣì ń gbé e mì. Ẹ̀yin ìyá, ọgbọ́n wo lẹ ń dá sí tiyín?