Ìṣirò Àpapọ̀ Máa Ń Bo Ojúsàájú Mọ́lẹ̀ Nílé Ìlera Àwùjọ

Ọdún 1965 ni ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà kọ́kọ́ fún dókítà méjì, Jack Geiger àti Count Gibson, lówó láti dá ilé ìlera àwùjọ sílẹ̀, ọ̀kan ní Boston, èkejì ní Mound Bayou ní ìpínlẹ̀ Mississippi. Ní Mound Bayou, dókítà a máa kọ oúnjẹ sórí ìwé oògùn fún ọmọ tí ebi sọ di aláìsàn, owó oògùn ilé ìlera ni wọ́n sì fi ń san án. Wọ́n gbẹ́ kànga, wọ́n gbẹ́ ṣáláńgá. Iṣẹ́ yẹn kò tíì parí, nítorí ojúsàájú inú ìtọ́jú kì í fara han ẹni tí kò bá wá a.

Inú àkọsílẹ̀ la ti ń wá a. Ká ní aláìsàn 1,000 ló ní ẹ̀jẹ̀ ríru, tí ti 650 nínú wọn sì ti wálẹ̀ kọjá 140/90, ìyẹn ìlà tí a fi ń mọ̀ pé ó ti rọlẹ̀. 65 nínú 100 nìyẹn, ó dùn-ún gbọ́. Ẹ wá pín wọn sí èdè-sí-èdè: nínú 800 tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, 560 ni tiwọn wálẹ̀, nínú 200 tó kù, 90 péré. 70 nínú 100 síbí, 45 sọ́hùn-ún. Oṣooṣù ló yẹ kí wọ́n ṣe irú ìpín yìí, ní ẹ̀yà, ní èdè, àti láàárín ẹni tó ní adójútòfò àti ẹni tí kò ní. Ohun tó sábà ń bà á jẹ́ ni pé òṣìṣẹ́ ẹnu ọ̀nà ń wo ojú èèyàn kọ ẹ̀yà rẹ̀. Ẹ bi aláìsàn fúnra rẹ̀. Ẹ má sì bi í pé ṣé ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ojú á tì í, á ní òun gbọ́. Èdè tó fẹ́ fi bá dókítà sọ̀rọ̀ ni kí ẹ béèrè.

Kí dókítà tó fi oògùn kún oògùn, kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ ọ̀nà tí wọ́n gbà wọn ẹ̀jẹ̀ náà wò. Kí aláìsàn ti tọ̀, kó jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 5, kó fẹ̀yìn ti àga, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì tẹ ilẹ̀, kí apá rẹ̀ wà lórí tábìlì ní ọ̀gangan àyà, kó má sọ̀rọ̀. Aṣọ tí wọ́n ń wé mọ́ apá ṣe pàtàkì gan-an: tó bá kéré jù fún apá ńlá, iye tó máa gbé jáde á ga ju òtítọ́ lọ, aláìsàn á sì máa gbé oògùn tí kò yẹ ẹ́ mì. Kí èyí tó tóbi wà nínú gbogbo yàrá. Tó bá jẹ́ yàrá kan ṣoṣo ló wà, kò sẹ́ni tó máa lọ mú un wá. Ẹni tí kò lè kúrò lẹ́nu iṣẹ́ nílò nọ́ọ̀sì tó lè wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ nírọ̀lẹ́ láìgba àyè sílẹ̀, àti oògùn oṣù mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà.

Ní ti ògbufọ̀, ẹni tó kọ́ṣẹ́ ni, ì báà jẹ́ lórí fóònù. Ẹ má fi ọmọdé ṣe é láé, àfi tó bá di pàjáwìrì tí kò sẹ́lòmíràn nítòsí. Kí àkókò ìpàdé náà sì gùn sí i.

Lórí owó, iye tó ń wọlé àti iye ẹni tó wà nínú ẹbí nìkan ni òfin ní kí wọ́n wò. Ẹni tí owó rẹ̀ kò kọjá ìlà òṣì tí ìjọba fà kò ní san nǹkan kan, tàbí kó san táṣẹ́rẹ́. Ẹni tí tirẹ̀ kò kọjá ìlọ́po méjì ìlà yẹn á rí ẹ̀dínwó. Níbi ìwé ẹ̀rí ni wàhálà wà. Alágbàṣe òòjọ́ kò ní ìwé owó oṣù, nítorí náà, kí ìlànà ilé ìlera gbà á láyè láti kọ iye tó ń rí, kó sì fọwọ́ sí i.

Ti kíndìnrín ló burú jù lójú mi. Títí di 2021, ìṣirò tí wọ́n fi ń mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ sí máa ń sọ iye ti aláwọ̀ dúdú di púpọ̀, ó ń fi bí 16 kún 100, bẹ́ẹ̀ iye tó bá ga ló ń sọ pé kíndìnrín ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Kéèyàn tó lè máa ka ọjọ́ lórí ìlà àwọn tó ń retí kíndìnrín tuntun, iye náà gbọ́dọ̀ wálẹ̀ dé 20, tàbí kó ti máa fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀. Àfikún yẹn ń dá wọn dúró. Láti oṣù January 2023 ni wọ́n ti pàṣẹ fún àwọn ilé ìwòsàn tó ń pààrọ̀ kíndìnrín láti dá àkókò tó sọnù padà fún wọn, ṣùgbọ́n wọ́n nílò ẹ̀rí àyẹ̀wò àtijọ́, ilé ìlera àwùjọ sì lè ní in lọ́wọ́. Kí ilé ìlera àwùjọ ṣa orúkọ gbogbo aláwọ̀ dúdú tó wà lórí ìlà náà jáde, kí wọ́n tún àyẹ̀wò kíríátínì (ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀ tí kíndìnrín ń sẹ́ kúrò) wọn àtẹ̀yìnwá ṣírò láìsí àfikún, kí wọ́n wá ọjọ́ tó kọ́kọ́ kan 20, kí wọ́n sì fi í ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn náà láìdúró kí aláìsàn béèrè.