Hóró ṣúgà mẹ́wàá

Lálẹ́ àná, mo fi gọ́ọ̀mù lẹ hóró ṣúgà mẹ́wàá pọ̀, mo jẹ́ kí wọ́n ṣẹ́ kọ́nà níbi mẹ́ta. Irú àwòrán tí Roger Shepard àti Jacqueline Metzler, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, fi dán àwọn ènìyàn wò ní ọdún 1971 ni mo wò ṣe. Wọ́n ń fi àwòrán méjì han ènìyàn, wọ́n á bi í bóyá nǹkan kan náà ni. Wọ́n rí i nígbà náà pé bí wọ́n bá ṣe yí àwòrán kejì tó, bẹ́ẹ̀ ni ó ń pẹ́ tó kí ènìyàn tó dáhùn, àfi bí ẹni ń fi ọkàn yí nǹkan náà.

Mo wá lẹ òmíràn, bí ìgbà tí ti àkọ́kọ́ ń wo ara rẹ̀ nínú dígí. Mo ya fọ́tò méjèèjì, mo bi ọpọlọ atọ́wọ́dá orí fóònù mi: “Ṣé ọ̀kan náà ni?” Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, pé wọ́n kàn yí i ni. Ó tún ṣàlàyé gbọọrọ!

Ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. “Mọ́mì, rárá o. Apá òsì ni ìrù tibí kọjú sí.” Orí mi wú. Ọmọ yìí ti ń fọwọ́ yí nǹkan láti kékeré. Àwòrán àti ọ̀rọ̀ ni ẹ̀rọ yẹn fi kọ́ tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan ò tó ìdánwò. Láàárín bẹ́ẹ̀ ni àti rárá, ẹni tó ń méfò lásán náà lè gba ìdajì. Ogún ni mo máa ṣe lópin ọ̀sẹ̀. Mo ti ra páálí ṣúgà míì.