Ẹwà Igbó Ọ̀ṣun Lójú Ẹni Tó Fẹ́ràn Sáyẹ́ǹsì

Àwọn kan gbà pé bí sáyẹ́ǹsì bá ti tú àṣírí ohun kan, ẹwà rẹ̀ tán nìyẹn. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀ rárá. Nínú Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí UNESCO kà mọ́ ogún àgbáyé lọ́dún 2005, mo máa ń tẹjú mọ́ ewé tí oòrùn ń là kọjá, títí n ó fi rí àwọn iṣan tínínrín tí ó ń gbé omi gbòǹgbò kiri inú rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ pupa àti búlúù ni ewé ń gbà jù láti fi ṣe oúnjẹ, ó sì ń dá ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé padà sí wa ju méjèèjì lọ. Iṣẹ́ tí ó ń bọ́ igi náà gan-an ni ó fún un ní àwọ̀ tí ó wù mí, ìmọ̀ yìí ni kì í sì í jẹ́ kí n tètè kúrò nídìí rẹ̀.