Ọdún 2024 lójú èmi Ìyá Àmì

Ẹ kú ọdún o, ẹ kú ìyèdún. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sọ pé máa kọ nǹkan yìí, kàlẹ́ńdà ò jẹ́ kí n ráyè. Ẹni tó bá ń ṣe irú iṣẹ́ wa, ká máa ya lógò, kàlẹ́ńdà àti ojú ìwé tí wọ́n fẹ́ tẹ̀, ní Nàìjíríà mọ̀ pé tó bá ti di nǹkan bí Oṣù Kẹwàá báyìí, ṣọ́ọ̀ṣì, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ilé ìwé, bàbá onílé tó fẹ́ du ipò káńsílọ̀, gbogbo wọn á kàn jọ rántí lẹ́ẹ̀kan náà pé ọdún ń parí lọ. Torí náà ẹ má wo bó ṣe rí o, bó ṣe ń sọ sí mi lọ́kàn ni mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́.

Ọdún yìí le jàre. Dọ́là gòkè ó kọ̀ kò sọ̀ mọ́, bébà náà bá a gòkè, torí òkèèrè la ti ń kó bébà gidi wá, íǹkì òkèèrè, pílétì tí wọ́n fi ń tẹ̀wé náà, òkèèrè. Ẹ máa bá oníbàárà sọ iye lọ́jọ́ Ajé, tó bá máa fi sanwó lọ́jọ́ Ẹtì, owó yẹn ò ra bébà mọ́, òun á sì ní ẹ fẹ́ jẹ òun ní èrè àjẹjù. Gírídì, ìyẹn ètò tó ń pín iná káàkiri orílẹ̀-èdè, ńkọ́? Ó wó, wọ́n gbé e dìde, ó tún wó, ẹ̀yin náà wà ńbẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé iná àwọn ará Band A, ìyẹn àwọn tí wọ́n ní kó máa rí iná fún ogún wákàtí lójúmọ́, láti náírà 68 lọ sí 225 fún yúnìtì kan ní Oṣù Kẹrin, àwa tí a ò sí ní Band A ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, àfìgbà tí a ṣírò owó pẹtiróòlù tí jẹnẹrétọ̀ ń mu, ni kálukú bá panu mọ́. Mo wá ra bátìrì àti sólà kékeré kan tó ń gbé láptọ́ọ̀pù àti fáànù, ti fíríìjì ò sí níbẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí mo fowó rà lọ́dún yìí, òun ni mi ò kábàámọ̀ ẹ̀ lọ́jọ́ kankan, ẹ sì máa gbọ́ ibi tí owó ẹ̀ ti wá.

Iṣẹ́ wá ńkọ́? Nígbà tọ́dún bẹ̀rẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn òyìnbó ni ọkàn mi wà, kí n máa ṣe lógò àti ojú wẹ́ẹ̀bù fáwọn kọ́ńpìnnì kéékèèké lókè òkun, kí n máa gba dọ́là bí àwọn ẹgbẹ́ mi. Mo rí díẹ̀ ṣe. Ẹnì kan ṣì jẹ mí lówó níbẹ̀ di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, ó sì ti ń lo lógò yẹn kiri, mo ń rí i, Ọlọ́run náà ń rí i, ẹ jẹ́ ká fi síbẹ̀. Iṣẹ́ tó san owó ilé mi lọ́dún yìí, tó tún jẹ́ káwọn èèyàn tí mi ò mọ̀ rí máa wá mi wá, ìwé ètò ìsìnkú ni. Bẹ́ẹ̀ ni. Ìwé òkú.

Ẹbí kan ní Ìbàdàn ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Màmá wọn tó kú, aláró ni nígbà ayé wọn, àwọn ọmọ sì fẹ́ kí gbogbo inú ìwé ètò jẹ́ Yorùbá, oríkì, orin, ìtàn ìgbésí ayé, gbogbo ẹ̀. Àkọ́bí wọn, tíṣà Yorùbá tó ti fẹ̀yìntì, ló ń ka ìwé náà kó tó lọ sí pírẹ́ẹ̀sì, bírò pupa wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń tẹ àmì lé ibi tó yẹ, wọ́n ń bá mi ka orin lójú ibẹ̀ láti fi dán ohùn wò. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, orúkọ ìyá mi rèé o. Má jẹ́ kí wọ́n fi ohùn ẹlòmíì pè é lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ." Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi títí di àárọ̀ yìí.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fáwọn tí kì í ṣe ará ibi iṣẹ́ wa, torí ẹ máa ń rò pé ìwà ọ̀lẹ ló ń jẹ́ ká máa yọ àmì sílẹ̀. Nínú kọ̀ǹpútà, ẹ, ọ àti ṣ ní ààyè tiwọn, wọ́n dá dúró bí a àti b ṣe dá dúró. Àmọ́ tí ẹ bá ti fẹ́ gbé àmì ohùn lé ẹ tàbí ọ lórí, kò sí ẹyọ kan tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀ fún un, ẹ̀yin lẹ máa tẹ lẹ́tà kí ẹ tó tẹ àmì lé e, fọ́ǹtì, ìyẹn fáìlì tó ń sọ bí lẹ́tà ṣe máa rí, ló wá máa pinnu ibi tí àmì yẹn máa jókòó sí. Èyí tí wọ́n ṣe dáadáa á gbé e sí àárín orí. Èyí tí wọn ò ṣe dáadáa á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí kó lọ jù ú sórí lẹ́tà tó kàn, òmíràn á kàn gbé àpótí kékeré kan fún yín, ẹ lọ máa wò ó. Ọgbọ́n tí mo máa ń dá ni pé mo máa ń wá fọ́ǹtì tó gba èdè Vietnam, torí àwọn náà ń lo ẹ àti ọ, ìyẹn á ti dín wàhálà kù, àmọ́ wọn ò ní ṣ, ibẹ̀ ni ìjà tún ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn ni mo ṣe padà sọ́dọ̀ àwọn fọ́ǹtì tí wọ́n ń pè ní Noto, Gentium àti Andika, ọ̀fẹ́ ni gbogbo wọn. Wọn ò fi bẹ́ẹ̀ rẹwà fún àkọlé ńlá, mi ò ní purọ́, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ibi tí orí wà.

Fọ́ǹtì gbà tán, ó ku àlàfo láàárín ìlà. Òyìnbó lè fún ìlà ẹ̀ mọ́ra, kò sóhun tó máa ṣe é. Tiwa, àmì abẹ́ ìlà tòkè á wá fẹnu ko àmì orí ìlà tìsàlẹ̀, pàápàá tó bá jẹ́ lẹ́tà ńlá ni wọ́n ní kí n fi kọ orúkọ, ẹ tún ní kí ojú ìwé má pọ̀ o, torí owó bébà. Ẹ rántí pé Henry Townsend, òyìnbó míṣọ́nnárì, àtàwọn èèyàn ẹ̀ ti ń tẹ Ìwé Ìròyìn l'Ábẹ́òkúta láti 1859, lẹ́tà ni wọ́n ń fọwọ́ tò lẹ́yọ lẹ́yọ. Ó pé ọdún 165 ní 2024 yìí. Ẹ̀rọ AI táwọn oníbàárà ń gbé àwòrán ẹ̀ wá bá mi báyìí, tó lè ya ọba lórí ìtẹ́ láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹ ní kó kọ "Ẹ kú ọdún" sára ẹ̀ kí ẹ rí ohun tó máa kọ.

Fún ìgbátí ojú ìwé, àwọn ọmọ màmá kó aṣọ wọn jáde látinú àpótí, adìrẹ ẹlẹ́kọ, Ìbàdàndùn, èyí tí wọ́n ya òpó Gbọ̀ngàn Mápó sí, tí wọ́n ya ṣíbí sáàárín àwọn òpó yẹn. Ìyẹ́ adìẹ ni wọ́n fi ń fa ẹ̀kọ sórí aṣọ nígbà náà, tí ẹ bá sún mọ́ ọn ẹ máa rí ibi tí ọwọ́ ti gbọ̀n, ibi tí ẹ̀kọ ti fẹ́ tán lẹ́nu ìyẹ́ kí wọ́n tó tún kì í bọ̀ ọ́. Mo ya fọ́tò ẹ̀, mo ní kí kọ̀ǹpútà bá mi tọ ìlà ẹ̀, ló bá nà án tọ́ọ́rọ́ tọ́ọ́rọ́, gbogbo ọwọ́ màmá bá kúrò níbẹ̀. Mo paá rẹ́. Ọwọ́ ni mo fi tọ̀ ọ́ òpó kọ̀ọ̀kan, ọrùn ro mí, mo sì gbádùn ẹ̀.

Ó wá ku Ṣómólú, àdúgbò àwọn atẹ̀wé l'Ékòó. Ẹni tí ò bá dé ibẹ̀ rí, láti ilé dé ilé ni ẹ̀rọ ti ń dún, ẹnì kan ń ta bébà, ẹnì kan ń ṣe pílétì, ẹnì kan iṣẹ́ tiẹ̀ ò ju kó gé bébà lọ, aláàárù ń sáré kọjá láàárín pẹ̀lú ẹrù lórí, ẹ yàgò lọ́nà! Ọ̀dọ̀ Alàájì kan ni mo ti ń tẹ̀wé níbẹ̀, mi ò ní dárúkọ wọn torí wọn ò fẹ́ ariwo. Àwọn àtàwọn ọmọ iṣẹ́ wọn ló sọ mí ní Ìyá Àmì, mi ò sì tíì bí ẹnikẹ́ni o. Èèpo ìwé màmá, àwọ̀ elú la fẹ́, ẹ sì mọ̀ pé elú máa ń dùn lójú kọ̀ǹpútà, orí bébà ló ti ń dìjà. Iná ni ojú kọ̀ǹpútà, íǹkì mẹ́rin ni bébà, siáànì tó jẹ́ irú búlúù kan, màgẹ́ńtà tó jẹ́ irú pupa kan, yẹ́lò àti dúdú, tí màgẹ́ńtà bá ti sún mọ́ siáànì jù, aró á di àlùkò. Alàájì mú bébà ìdánwò àkọ́kọ́, wọ́n gbé awò kékeré wọn lé e, wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, "Ìyá Àmì, èyí kì í ṣe aró o, aṣọ bíṣọ́ọ̀bù lèyí." Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n wá ń fa màgẹ́ńtà wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lórí ẹ̀rọ, wọ́n ń tẹ̀, wọ́n ń wò, wọ́n ń tẹ̀, wọ́n ń wò, títí tó fi jọ aṣọ tí mo gbé dání.

Látìgbà náà ni mo ti tún ń wo iṣẹ́ ayàwòrán Yusuf Grillo. Bàbá ọmọ Èkó yẹn, tí wọ́n bí ní 1934, tí wọ́n di olóògbé ní 2021, tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe olórí ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà ní Yabatech, ilé ìwé gíga ní Yábàá. Búlúù wọn! Obìnrin á wé gèlè nínú àwòrán wọn, ẹ máa fẹ́ fọwọ́ kan aṣọ náà wò bóyá aró ẹ̀ máa yí ọwọ́. Àlùkò náà sì ń bẹ níbẹ̀ o, àmọ́ àwọn mọ ibi tí wọ́n ń fi í sí.

Ẹlòmíràn tó gbé mi nínú lọ́dún yìí ni J.D. 'Okhai Ojeikere, ayàwòrán onífọ́tò, ọmọ Ìpínlẹ̀ Ẹdó tó fi Èkó ṣelé. Láti 1968 ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun orí obìnrin, láti ẹ̀yìn nígbà míì, dúdú àti funfun, bẹ́ẹ̀ ilé iṣẹ́ ìpolówó ló ń bá ṣiṣẹ́ nígbà yẹn, ìyẹn máa ń fún mi nírètí. Onídìrí kan ládùúgbò wa ní Bàrígà fẹ́ lógò, ó gbé àwòrán òyìnbó onírun gígùn kan wá. Mo ní, "Aǹtí, irun tí ẹ ń dì kọ́ lèyí o." Ó ní, "Jọ̀ọ́, wọ́n á ní mi ò lajú." Mo bá ṣí fóònù, mo fi àwọn fọ́tò Ojeikere hàn án, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka irun, kòlẹ́sẹ̀, pàtẹ́wọ́, ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀, ó ń fi ìka tọ ọ̀nà ẹ̀ lójú fóònù, ó ń bá ayàwòrán jà pé ẹni tó di ọ̀kan báyìí ò fún un dáadáa. Ẹ̀yìn orí onírun ṣùkú ni lógò ẹ̀ báyìí, ìlà ìlà tó gòkè lọ pàdé láàárín, kò lójú, kò nímú. Àwọn ọmọ ilé ìwé ń ya fọ́tò níwájú ẹ̀. Ó san ìdajì owó, ó ń fi irun dídì san ìyókù, gbèsè yẹn dùn mọ́ mi.

Ọpẹ́ wá kù. Àwọn obìnrin inú àjọ wa, ẹ ṣé, ẹ̀yin lẹ jẹ́ kí n kó àjọ ṣáájú ìgbà tó kàn mí, owó sólà yẹn nìyẹn, ilé yín ò ní ṣókùnkùn. Alàájì, Ọlọ́run á lọ́ra ẹ̀mí yín. Tíṣà wa n'Íbàdàn, gbogbo ẹni tí ẹ júwe mi fún ló dé. Màmá mi, tí wọ́n ti ń sọ láti bí ọdún mélòó kan pé tẹlifóònù ni mò ń tẹ̀ ní gbogbo ọjọ́, mo gbọ́ pé ẹ gbé ìwé ètò ìsìnkú ẹni tí ẹ ò mọ̀ rí lọ ṣọ́ọ̀ṣì, pé ẹ ń fi han èèyàn. Ẹ rọra o.

Lọ́dún tó ń bọ̀, owó mi máa lé díẹ̀, ìdajì ẹ̀ sì máa wọlé kí n tó ṣí kọ̀ǹpútà, òyìnbó ni o, Yorùbá ni o. Mo tún ti gbé FontForge, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe fọ́ǹtì, sórí ẹ̀rọ mi, mo ń ya lẹ́tà àkọlé kan látara bí àwọn tó ń kọ nǹkan sára dáńfó ṣe ń kọ ọ́, àwọn lẹ́tà sísanra tó ní òjìji yẹn, tòun ti àmì lókè àti nísàlẹ̀. Mo ṣì wà ní lẹ́tà ọ̀. Ó ń ṣòro.

Alàájì máa pa ẹ̀rọ títí ọdún tuntun á fi wọlé, torí náà ẹni tó bá ṣì fẹ́ kàlẹ́ńdà, ẹ fi orúkọ yín ránṣẹ́ lónìí, kí ẹ fi àmì sí i. Ẹni tí ò bá mọ àmì orúkọ ara ẹ̀, kó tètè pe màmá ẹ̀ lórí fóònù.